Ìṣọ́, Ìbojúwò àti Ìtúwò: Èdè-Ìperí fún Àbójútó Ètò Java tí ó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́wọ́

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ṣakí lọ sí apá ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀nà tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà ṣe iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Aṣọ́bodè kan lè jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó máa ka iye ọkọ̀ tí ń kọjá, kí ọkọ̀ kankan má sì dúró nítorí rẹ̀. Òmíràn lè dá ọkọ̀ dúró díẹ̀, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ó bojú wo àwọn èrò àti ibi tí oníkálukú jókòó sí, kí ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ. Ẹ̀kẹta lè ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí a já gbogbo ẹrù, kí a sì tú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí èrò kan tí yóò sọ pé ohun kan náà ni ojú òun rí lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ púpọ̀ ni ó wà fún àbójútó ètò tí a fi èdè Java kọ, nígbà tí ètò náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan kì í dí ètò lọ́wọ́. Àwọn mìíràn a dá a dúró bí ìṣẹ́jú ojú. Àwọn kan sì wà tí wọ́n lè dá a dúró títí tí àwọn tí ń lo ètò náà yóò fi rò pé ó ti kú. Bí atúmọ̀ bá wá lo "àyẹ̀wò" fún gbogbo wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó ka ìwé bẹ́ẹ̀, tí a sì fi ètò ìforúkọsílẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, lè pa àṣẹ tí yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí, kí ó sì máa rò pé wíwò lásán ni òun ń wò.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lábàá ni pé kí èdè-ìperí Yorùbá ya iṣẹ́ mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ kedere, gẹ́gẹ́ bí ìṣọ́, ìbojúwò àti ìtúwò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí wọn ká náà ni a ó fà yọ láti inú iṣẹ́ tí a mọ̀ ní Òkè-Ògùn, pàápàá aṣọ híhun ní Ìsẹ́yìn àti ìtọ́jú irè oko.

2. Ìlànà tí ó wà nílẹ̀

Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ètò ilé-ìwé alákọ́ọ̀bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Nínú iṣẹ́ wọ̀nyí àti irú wọn, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ jù: fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nípa àfòmọ́, àpèjúwe, àti àyálò.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì ju yíyan ọ̀nà lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí ni atúmọ̀ ń túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá ọ̀rọ̀ wọn láti ibòmíràn, láti inú ilé, oko àti ibi iṣẹ́. Nígbà mìíràn ohun tí wọ́n yá kò bá ohun tí wọ́n ń sọ mu dáadáa. Bí a bá tẹ̀ lé wọn lọ́rọ̀ kan sí òmíràn, àṣìṣe wọn ni a ó máa túmọ̀.

3. Ètò Java àti ẹ̀rọ àfarawé

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ni ó gbé èdè Java jáde ní 1995, James Gosling sì ni orúkọ rẹ̀ gba iwájú nínú iṣẹ́ náà. Oracle ra Sun ní 2010. Ohun tí ó ya Java sọ́tọ̀ ni pé ètò tí a fi í kọ kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní tààrà. A kọ́kọ́ sọ ètò náà di èdè àárín kan, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn yóò máa ka èdè àárín yìí, tí yóò sì máa ṣe ohun tí ó wí. Ẹ̀rọ yìí kò ní irin, kò ní wáyà. Ètò ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni "ẹ̀rọ àfarawé" fi bá a mu.

Nítorí pé ẹ̀rọ àfarawé dúró sí àárín, ó mọ gbogbo ohun tí ń lọ. Ó mọ iye iṣẹ́ tí ń rìn papọ̀, iye àyè tí a ti lò nínú ìrántí, àti iye ìgbà tí a ti kó pàǹtí. Òun ni àwọn irinṣẹ́ ń bi léèrè. Ohun àkọ́kọ́ tí alábòójútó nílò ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ètò tí ń ṣiṣẹ́, kí ó má baà bi ẹlòmíràn léèrè. Irinṣẹ́ kékeré tí a ń pè ní jps ni ó ń ka àwọn ètò Java tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn.

4. Irú àbójútó mẹ́ta

4.1 Ìṣọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́ ni ó wà nínú "ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí". Alákàn kì í dúró kí ó tó ṣọ́ orí rẹ̀. Bí ó ti ń rìn ni ó ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ń ṣọ́ oko ọkà bàbà lọ́wọ́ ẹyẹ kì í dí ọkà lọ́wọ́ láti gbó. Ìtumọ̀ yìí gan-an ni a nílò. Irinṣẹ́ jstat ń ka ìwé ìṣirò tí ẹ̀rọ àfarawé fúnra rẹ̀ ń kọ. Bí a bá pa á láṣẹ pẹ̀lú nọ́ńbà 1000, yóò máa tẹ ìlà kan jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ètò kò sì ní dúró dè é. JConsole ń ya irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní àwòrán. Flight Recorder, tí ó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú Java 11 ní 2018, ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ bí irinṣẹ́ tí ń kọ ìrìn-àjò ọkọ̀ òfurufú, a sì ṣe é kí ìnira rẹ̀ lórí ètò lè kéré jọjọ. Àwọn kan lè dá "ìṣamí" lábàá, ṣùgbọ́n amí a máa fi ara pamọ́, a sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá. Aṣọ́ oko kò fi ara pamọ́ fún olóko.

4.2 Ìbojúwò. Ẹni tí ó bojú wo inú yàrá kò jókòó, kò sì gbé ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀. Ó rí bí nǹkan ti rí ní ìṣẹ́jú kan náà, ó sì lọ. Irinṣẹ́ jstack ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dá gbogbo iṣẹ́ inú ètò dúró díẹ̀, ó ń kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ìdádúró náà kúrú, ṣùgbọ́n ó wà, kò sì yẹ kí èdè-ìperí fi í pamọ́.

4.3 Ìtúwò. Ẹni tí ó tú ẹrù wò kò lè ṣe é nígbà tí ẹrù ń rìn. Irinṣẹ́ jmap, tàbí jcmd pẹ̀lú àṣẹ GC.heap_dump, a máa kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìrántí ètò sínú fáìlì kan. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń kọ ọ́, ètò kò lè ṣe nǹkan mìíràn. Bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá tó gígábáìtì mélòó kan, ìdádúró náà kì í ṣe ìṣẹ́jú ojú mọ́, fáìlì náà yóò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè kún àyè tí a pèsè fún un.

Ní ti gírámà, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni a lò:
(1) ì- + ṣọ́ → ìṣọ́
(2) ì- + bojú wò → ìbojúwò
(3) ì- + tú wò → ìtúwò
A lè wá fi "irinṣẹ́" ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: irinṣẹ́ ìṣọ́, irinṣẹ́ ìbojúwò, irinṣẹ́ ìtúwò. "Àyẹ̀wò" kò sọnù. Yóò jẹ́ orúkọ àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ní ilé ìwòsàn, níbi tí wíwo ojú aláìsàn àti fífa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti jọ ń jẹ́ àyẹ̀wò.

5. Òwú

Nínú ètò kan, iṣẹ́ púpọ̀ lè máa rìn lọ papọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtẹ̀léra tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pe ìtẹ̀léra bẹ́ẹ̀ ní "thread". Okùn, fọ́nrán àti òwú ni ó wà níwájú atúmọ̀. Dídi nǹkan ni iṣẹ́ okùn, a sì ti lò ó fún wáyà iná. Fọ́nrán ti di orúkọ ohun tí a gba ohùn tàbí àwòrán sí. Ó ku òwú.

Ìsẹ́yìn ni ẹ̀rí wà pé òwú yẹ. Ní ìdí òfì, òwú gígùn tí ahunṣọ ta síwájú rẹ̀ nà jìnnà, ẹrù wúwo ni ó sì ń fà á le ní òpin. Òwú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ aṣọ ní òun nìkan. Ìgbà tí gbogbo wọn bá jọ rìn ni sányán, àlàárì tàbí ẹtù ń jáde. Bí ọ̀kan bá há, ojú aṣọ yóò fi hàn. Ahunṣọ kì í gé aṣọ kúrò lórí òfì kí ó tó mọ èyí tí ó há. Bí ó ti ń hun ni ó ń wo òwú rẹ̀.

Ipò mẹ́fà ni Java fún òwú, ṣùgbọ́n méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dàpọ̀. Èkíní ni ti òwú tí ó fẹ́ wọ ibi tí òwú mìíràn ti tì mọ́ ara rẹ̀. Èyí ni òwú tí ó há. Èkejì ni ti òwú tí ó ń dúró kí òmíràn pè é. Èyí ni òwú tí ó dúró. Dídúró kì í ṣe àìsàn. Nínú ètò tí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn, òwú púpọ̀ a máa dúró de iṣẹ́, bí ahunṣọ ti ń dúró de ẹni tí yóò wá gbé iṣẹ́ fún un. Híhá ni ó yẹ kí a fura sí. Bí atúmọ̀ bá fi "dúró" túmọ̀ méjèèjì, àwọn òwú tí ara wọn le ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá oògùn fún.

Híhá kan wà tí kò ní òpin. Ẹ wo ọkọ̀ àjàgbé méjì tí wọ́n pàdé lórí afárá tóóró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gba ìdajì afárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ìdajì tí ó wà lọ́wọ́ èkejì. Kò sì sí èyí tí yóò fà sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "deadlock". Àbá tí ó wà níhìn-ín ni àjọdínà:
(4) à- + jọ + dí + ọ̀nà → àjọdínà
Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni ó pajẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú dínà. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ẹ̀bi náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, èyí tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, jstack a máa kéde rẹ̀, yóò sì sọ òwú tí ó di èkíní mú àti èyí tí ó di èkejì mú.

Java 21, tí ó jáde ní 2023, mú irú òwú mìíràn wá, tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ètò kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ àfarawé ni ó ń dá wọn, "òwú àfarawé" ti wà nílẹ̀ fún wọn. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé jstack kì í ka àwọn wọ̀nyí. Àṣẹ Thread.dump_to_file ti jcmd ni ó ń kà wọ́n.

6. Àká, pàǹtí àti ìran

Àyè tí ètò Java ń kó nǹkan rẹ̀ sí nínú ìrántí ni Gẹ̀ẹ́sì pè ní "heap". Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, "òkìtì" tàbí "ebè" ni a ó wí. Àwọn méjèèjì kò yẹ. Òkìtì kò ní ògiri. Ibi tí ó bá wù ú ni ó ń ga dé. Ebè ní tirẹ̀ jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń hù. Àyè inú Java ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. A ń kó nǹkan sí i, a sì ń kó nǹkan kúrò níbẹ̀. Àká ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ sì mọ̀ pé bí ìyàngbò bá kún àká, ọkà tuntun kò ní ríbi dé sí.

Ẹni tí ń kó ìyàngbò náà kúrò ni akópàǹtí. Ó ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí mọ́, ó sì ń gba àyè rẹ̀ padà. Ìrírí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ nǹkan inú ètò kì í pẹ́ kí ó tó di pàǹtí. Nítorí náà ni a ṣe pín àká sí apá ìran titun àti apá ìran àgbà. Édẹ́nì ni a ń pe ibi tí ohun titun ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí àwọn òǹkàwé Bíbélì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó bá yè bọ́ lẹ́yìn ìkópàǹtí mélòó kan ni a ń gbé lọ sí apá ìran àgbà. Nínú ìṣirò jstat, òpó E ni ti Édẹ́nì, òpó O sì ni ti ìran àgbà.

7. Ọ̀rọ̀ méjì tí ń ṣi ni lọ́nà

Èkíní ni "dump". Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni dídà sílẹ̀ tàbí dídà nù. Ohun tí a dà nù kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ jmap, gbogbo ohun inú àká ṣì wà ní ipò rẹ̀. Bí a bá sì ṣẹ̀dá "ìdàlẹ̀" láti inú dà àti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni a ó ti bá níbẹ̀. Ohun tí irinṣẹ́ náà fún wa ni ẹ̀dà. Nítorí náà, ẹ̀dà-òwú ni ohun tí ìbojúwò ń mú wá, ẹ̀dà-àká sì ni ti ìtúwò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tún ń kọ́ni ní ọgbọ́n kan tí "dump" kò kọ́ni. Bí ètò bá ń tọ́jú orúkọ, owó tàbí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àwọn ènìyàn, ẹ̀dà wọn wà nínú fáìlì náà. Ẹni tí ó bá fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìronú ti fi àṣírí oníbàárà ránṣẹ́.

Èkejì ni "leak". Ìkòkò tí ń jò a máa gbẹ. Ṣùgbọ́n ètò tí ó ní àìsàn yìí, kíkún ni ó ń kún. Jíjò kò lè ṣàpèjúwe ohun tí ń kún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò di nǹkan mú tí kò ní lò mọ́, akópàǹtí kò sì lè gbé e nítorí pé ẹnìkan ṣì ń tọ́ka sí i. "Ìdìmú-láìlò" ni àpilẹ̀kọ yìí dá lábàá. Àmì rẹ̀ hàn kedere. Nínú ètò tí ara rẹ̀ dá, ìlò àká a máa gòkè, a sì máa lọ sílẹ̀ padà lẹ́yìn ìkópàǹtí. Bí ibi tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé bá ń ga sí i lẹ́yìn ìkópàǹtí ńlá kọ̀ọ̀kan, ìdìmú-láìlò ni a gbọ́dọ̀ fura sí.

8. Ìlò nínú kíláàsì

Àǹfààní ìpínsọ́tọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn ń tò iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ètò bá ń falẹ̀, olùkọ́ lè sọ pé: ẹ ṣọ́ ọ ná, ẹ bojú wò ó lẹ́yìn náà, ẹ má sì tú u wò àfi bí ó bá di dandan. Nínú ìṣọ́, a ó fi jstat wo òpó O fún ìgbà díẹ̀. Bí àká kò bá ní àléébù, a ó bojú wo òwú. Ìbojúwò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí pé òwú tí a bá níbì kan lè jẹ́ èyí tí ń kọjá lọ. Ó dára kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan sì wà láàárín wọn. Òwú tí a bá bá ní ojú kan náà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a bi léèrè. Bí ìṣọ́ bá sì ti fi ìdìmú-láìlò hàn, ìgbà náà ni ìtúwò kàn, kí a sì yan àkókò tí èrò kò pọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti rí i pé àyè wà fún ẹ̀dà-àká.

9. Ìgúnlẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá nìyí ní ṣókí:
(5) ìṣọ́: àbójútó tí kò dá ètò dúró
ìbojúwò: àbójútó tí ó dá a dúró díẹ̀
ìtúwò: àbójútó tí ó dá a dúró títí ẹ̀dà yóò fi parí
ẹ̀rọ àfarawé: ètò tí ń ṣe bí kọ̀ǹpútà fún ètò Java
òwú: ìtẹ̀léra iṣẹ́ kan nínú ètò
àjọdínà: híhá òwú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ara wọn
àká: àyè tí a ń kó nǹkan ètò sí nínú ìrántí
akópàǹtí: ohun tí ń gba àyè àká padà
ẹ̀dà-òwú, ẹ̀dà-àká: àkọsílẹ̀ ipò òwú, àkọsílẹ̀ ohun inú àká
ìdìmú-láìlò: dídi ohun tí a kò ní lò mọ́ mú nínú àká

Àwọn tí ń kọ́ni ni yóò sọ èyí tí yóò dúró nínú wọn. A lè fi ọ̀rọ̀ tí ó dára jù rọ́pò òwú tàbí àká lọ́la, kí ìmọ̀ má sì bàjẹ́. Ohun tí kò yẹ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀ ni ààlà tí ó wà láàárín ìṣọ́ àti ìtúwò, nítorí pé ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ti alábòójútó nìkan. Èrò wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò dá a dúró mọ̀ pé òun fẹ́ dá a dúró.